Ìparí Ìwé Mọ́kànlá

Bàbá àgbà mi kì í fo ojú ewé. Bí ìwé bá ní igba ojú ewé, igba náà ni wọn óò gbọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo iwájú. Wọ́n á gbọ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n á gbọ́ àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé, wọ́n á gbọ́ ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àdàkọ rẹ̀ láìgba àṣẹ. Nígbà kan tí mo kà á pé òǹkọ̀wé kan dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ tó dúró tì í nígbà ìṣòro, wọ́n ní kí n dúró ná. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbàdúrà fún ìyàwó náà, obìnrin tí a kò rí rí, tó ṣeé ṣe kó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ìwé tí à ń sọ yìí, bí a ṣe ń tún fíríìjì ṣe ló dá lé lórí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní jàre, níbi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà."

Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ẹni tó kọ ọ́ kò fò ó. Ta ni èmi tí màá wá fò ó?"

Níbi ìsìnkú wọn ní oṣù tó kọjá, gbogbo ẹni tó gba máíkì ló ń sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Mo jókòó, mò ń gbọ́. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Èmi tí mo lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin nínú yàrá kan pẹ̀lú wọn, tí mò ń ka ìwé sí wọn létí, mo mọ̀ wọ́n ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Nítorí náà kì í ṣe ìtàn ayé wọn ni mo fẹ́ kọ. Ẹni tó bá fẹ́ ọjọ́ ìbí àti ilé-ìwé tí wọ́n lọ, ó wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, pẹ̀lú fọ́tò kan tí wọn kò fẹ́ràn.

Ilé wọn wà ní Igando, ní ọ̀nà tó lọ sí Egan, ní ìparí òpópónà kan tí òjò máa ń sọ di odò. Bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, kò sí ẹni tó lè jáde láìká aṣọ dé orúnkún. Yàrá iwájú ni yàrá ìwé. Ìwé tí wọn kò tíì kà wà ní ògiri ọwọ́ òsì, èyí tí wọ́n ti kà wà ní ògiri ọwọ́ ọ̀tún, àga méjì sì wà láàárín. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, onílé ẹ̀gbẹ́ sì ti mọ ògiri sún mọ́ ọn débi pé bí o bá na ọwọ́ síta, wàá kàn án. Láti orí àga kejì, tó jẹ́ tèmi, búlọ́ọ̀kù tí wọn kò rẹ́ nìkan ni mò ń rí. Mọ́kàndínlógójì ni wọ́n. Mo ti kà wọ́n láìmọye ìgbà.

Sítọ̀kípà ni Bàbá Àgbà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣọ́ sítọ̀ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe páànù ní Ìkejà. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù máa ń tẹ́ ọjà wọn sórí láílọ́ọ̀nù lẹ́bàá afárá ẹlẹ́sẹ̀. Wọn kì í yan ìwé. Èyí tó bá ti wù wọ́n lójú ni wọ́n á mú: ìwé nípa oyin sísìn, ìwé òfin ayálégbé, gírámà èdè Faransé, ìtàn nọ́ọ̀sì kan tí dókítà méjì ń bá ara wọn du, ìtàn àwọn ọba ìlú kan tí a kò ní ẹbí kankan níbẹ̀. Àwọn kan jẹ́ Yorùbá, àwọn tó pọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ìyá àgbà mi, tí wọ́n ti lọ kí n tó gbọ́n, máa ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ kà á. Ìdáhùn kan náà ni Bàbá Àgbà máa ń fún wọn: "Tí mo bá fẹ̀yìn tì."

Wọ́n fẹ̀yìn tì lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ka ẹrù sítọ̀ ilé ara wọn, ìwé tí wọn kò tíì ṣí rí jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́fà. Láti ọjọ́ yẹn wọn kò ra ẹyọ kan mọ́. Wọ́n ní ẹni tó ní ọbẹ̀ nínú ìkòkò kì í tún gbé òmíràn kaná.

Àràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, wọ́n á dìde lọ síbi ògiri òsì, wọ́n á máa fi ìka kan ẹ̀yìn ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè wọn á máa mì. Bí wọ́n ṣe ń ka ẹrù ní ibi iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ń ṣe é nígbà tí ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀ kedere. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọ́n ń ka ohun tí kò lè rìn.

"Ohun tí kò lè rìn," wọ́n ní, "ni àwọn èèyàn máa ń gbé."

Ẹni tó bá ní bàbá yìí kì í jà, kò tíì jókòó sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa. Ìwé kan nípa gọ́tà àti omi òjò ni mò ń kà fún wọn lọ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ onílé fẹ́ gbẹ́ gọ́tà tuntun. Bàbá Àgbà ní ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà gbẹ́ ẹ kò dára. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, a lọ sí ìpàdé, wọ́n ní kí n dúró kí n máa kà. Mo kà á títí ẹsẹ̀ ń ro mí. Alága ní, "Bàbá, ẹ ṣá sọ ohun tí ẹ fẹ́." Wọ́n ní, "Ohun tí mo fẹ́ wà ní ojú ewé kẹrìndínlógójì. Ojú ewé kejìlélógún la ṣì wà báyìí." Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a fi máa dé ojú ewé kẹrìndínlógójì, àwa méjì àti akọ̀wé tó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ló kù, wọ́n sì gbẹ́ gọ́tà náà bí wọ́n ṣe fẹ́. Omi ṣì ń wọlé wa dòní.

Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ eléyìí, ṣùgbọ́n n kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ohun tó sọ ìwé di ẹ̀wọ̀n nínú ilé wa, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Lọ́jọ́ tí Bàbá Àgbà ṣe ìdúpẹ́ àádọ́rin ọdún, kí n tó lọ gbé lọ́dọ̀ wọn, wòlíì obìnrin kan bọ́ sínú ẹ̀mí, ó sì nawọ́ sí wọn. Ó ní òun rí bàbá yìí níwájú iṣẹ́ ńlá kan tí kò tíì parí, àti pé wọn kò ní lọ àfi tí wọ́n bá parí rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Wòlíì kò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá rò pé ilé ni, tàbí ọmọ, tàbí ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó wà láàárín wọn àti àbúrò wọn ọkùnrin ní Èkìtì. Bàbá Àgbà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Bísí sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe délé, tí sùtánà ṣì wà lọ́rùn wọn, iwájú ògiri òsì ni wọ́n lọ dúró sí. Wọ́n wo ìwé náà títí, wọ́n ní, "Àṣírí wa ti tú."

Àǹtí Bísí ni àbúrò bàbá mi. Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń rán ní Ẹgbẹ́dá, wọ́n sì máa ń wá kí bàbá wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ọ̀nà tiwọn ni Àǹtí gbà gbọ́ ìran náà. Lójú Àǹtí, ìwé tó wà ní ògiri òsì ni ọjọ́ tó kù fún bàbá wọn láyé: bí ìwé bá ṣe ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni bàbá ń tán lọ. Bí Àǹtí bá ti wọlé, wọn kì í wo ojú Bàbá Àgbà kí wọ́n tó wo ògiri.

"Bàbá, ẹ rọra máa kà á o," ni Àǹtí á ní. "Ẹ sinmi lónìí, ẹ gbọ́ rédíò. Ìwé ò kúkú ní sá lọ."

"Èmi ni mi ò lè sá lọ," Bàbá Àgbà á dá wọn lóhùn.

Ojú ló gbé èmi débẹ̀. Àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní gilakóómà ń jẹ ojú wọn láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìwé kejìlélọ́gọ́ta tán, wọn kò rí lẹ́tà mọ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, bàbá mi sì ní kí n lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì wà pẹ̀lú wọn ní Igando, kí n máa fi wá iṣẹ́ kiri Èkó. Ọ̀sẹ̀ méjì! Aṣọ mẹ́rin ni mo kó lọ. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n fún mi ní orógbó pé kí ohùn mi má bàa há, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di ọ̀sán, agogo mẹ́rin títí di mẹ́fà. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan la fi ń sinmi. Àwọn aládùúgbò sọ mí ní Rédíò Bàbá. Bí mo bá jáde lọ ra búrẹ́dì, ìyá tó ń tà á á ní, "Rédíò, báátìrì ò tíì tán?" Màá rẹ́rìn-ín, màá gba búrẹ́dì, màá padà sí iwájú búlọ́ọ̀kù mọ́kàndínlógójì.

Ìmọ̀ ilẹ̀ àti irúgbìn ni mo kà ní yunifásítì. Ní ọdún kejì tí mo dé Igando, wọ́n pè mí fún ìntáfíù ní Abẹ́òkúta. Mo sọ fún Bàbá Àgbà, wọ́n ní kí n lọ, Ọlọ́run á ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo ti múra, mo ti gbé báàgì, mo ń kọjá lọ síta. Mo rí wọn nínú yàrá ìwé. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti jókòó sórí àga wọn, ìwé wà lórí itan wọn, wọ́n sì kọ ojú sí àga mi bí ẹni pé mo ti wà níbẹ̀. Bóyá wọ́n ti gbàgbé pé òní ni. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ẹnikẹ́ni kò dè mí. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n dè lè bínú sí okùn, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bínú sí? Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Wọ́n máa ń fi ẹran tiwọn sínú àwo mi, wọ́n á ní eyín ń dùn wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn, mo sì ń bínú sí wọn lójoojúmọ́, láti agogo mẹ́sàn-án títí di mẹ́fà.

Àwọn náà kò sì ní òmìnira. Lọ́dún yẹn kan náà, àbúrò wọn ní Èkìtì dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ará ilé ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá kí ọ̀rọ̀ ìjà náà lè tán. Bàbá Àgbà ní àwọn ń bọ̀, ìwé tó wà lọ́wọ́ ló kù kí àwọn parí. Ìwé náà gùn. Nígbà tí a fi máa parí rẹ̀, wọ́n ti sin àbúrò wọn. Ọjọ́ tí ìròyìn dé, wọn kò jẹ́ kí n kàwé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ pa èèpo ìwé náà títí oòrùn fi wọ̀.

Wọ́n ní, "Àwọn ará ilé á ní mo lágídí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé mo há ni."

Àárọ̀ kan, bí wọ́n ṣe ń ka ògiri òsì bí ìṣe wọn, ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n padà sókè, wọ́n tún un kà.

"Mọ́kànlélógójì ló wà níbí lánàá," wọ́n ní. "Mẹ́tàlélógójì ló wà lónìí."

Mo lọ wò ó. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi há àárín àwọn yòókù: ọ̀kan nípa bí a ṣe ń hun ẹ̀wù òtútù, èkejì nípa ìtọ́jú ọmọ ọwọ́. Bàbá Àgbà gbé wọn sí imú. "Epo máṣíìnì," wọ́n ní. Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ tó ṣáájú, Àǹtí Bísí sì wá kí wa.

Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọn kò bínú. Wọ́n ní ọgbọ̀n ọdún ni àwọn fi ṣọ́ olè tó ń kó ẹrù jáde ní sítọ̀, àwọn kò tíì rí olè tó ń kó o wọlé rí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kó ìwé náà padà fún Àǹtí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Ó ti wọ sítọ̀. Ohun tó bá ti wọ sítọ̀, a máa jíyìn rẹ̀."

Báyìí ni mo ṣe fi ọjọ́ mẹ́fà ka bí a ṣe ń hun ẹ̀wù òtútù fún bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún, ní Èkó, nínú ooru. Nígbà tí Àǹtí Bísí tún wá, mo pè wọ́n sí ẹ̀yìnkùlé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un mọ́. Ó ti sú mi."

Ojú Àǹtí Bísí yí padà. "Ṣé ìwọ ò fẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé ni?"

Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́. Láàárín ọdún méjì ó lé, ìwé mẹ́sàn-án ni Àǹtí kó wọlé, gbogbo rẹ̀ ló ní òórùn epo máṣíìnì, gbogbo rẹ̀ ni mo sì kà.

Ní ọdún yìí ni lẹ́tà dé láti Ìlọrin. Iléeṣẹ́ irúgbìn kan gbà mí síṣẹ́, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé méjìlá ló kù lára ògiri òsì. Bí a ṣe ń kà á, ìyẹn á gba oṣù mẹ́jọ, bí Àǹtí Bísí kò bá mú òmíràn wá. Mo fi lẹ́tà náà sábẹ́ ibùsùn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé oyin sísìn la wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn, mo sì ṣe ohun tí n kò ṣe rí láti ọdún mẹ́ta: mo ṣí ewé méjì pa pọ̀, mo sì ń kà á lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ó rọrùn. Lọ́jọ́ kejì mo fo ewé márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹta mo fo odindi orí kan. Bàbá Àgbà ń mi orí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, mo sì ń sọ fún ara mi pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oyin ṣe nílé tí fèrèsé rẹ̀ kò rí ìta. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan mo dé ìparí ìwé náà. Mo pa á dé, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ògiri ọ̀tún. Wọn kò dìde.

"Ewé àádọ́rùn-ún ló wà nínú ìwé yìí," wọ́n ní. "Mo ka iye ewé rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á. Ìgbà ọgọ́ta ni mo gbọ́ tí o ṣí i."

Mo kúnlẹ̀.

"Mo ń retí kí o dúró," wọ́n ní. "Mo rò pé tó bá di ọ̀la, á dúró." Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀. Ohùn wọn kò le, bí ìgbà tí wọ́n bá ń béèrè omi ni. "Àjíkẹ́, ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Mo bú sẹ́kún. "Rárá, Bàbá. Mo kàn fẹ́ lọ ni."

"Ọ̀kan náà ni méjèèjì nínú ilé yìí," wọ́n ní.

Mo lọ mú lẹ́tà náà wá, mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò fo nǹkan kan. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni. Mo ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní ó dára. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko wọn kò pè mí kí n wá kàwé. Wọ́n jókòó sínú yàrá náà nìkan, mo sì jókòó sí ilé ìdáná, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Mo ti pinnu pé màá kọ̀wé sí Ìlọrin pé n kò wá mọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé wọ́n pè mí. Sùtánà funfun wà lọ́rùn wọn, wọn kò wọ bàtà, bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gbé ìwé oyin sí ògiri ọ̀tún, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn kó ìwé mọ́kànlá tó kù kúrò lára ògiri òsì, wọ́n tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

"Jókòó," wọ́n ní. "Ka ojú ewé tó kẹ́yìn fún mi."

"Ti èwo, Bàbá?"

"Ti gbogbo wọn."

Mo ní, "Ẹ kì í fo ojú ewé."

"Èmi ni mò ń fò ó lónìí, kì í ṣe ìwọ. Gbọ́ ọ dáadáa, Àjíkẹ́. Tí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè lọ́la, èmi ni mo fò ó."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe pé kò yé mi. Bàbá tó gbàdúrà fún ìyàwó ẹni tó kọ ìwé fíríìjì, tó fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú nítorí pé ìwé kò tíì parí, fẹ́ parí mọ́kànlá ní ọ̀sán kan ṣoṣo, kí n lè rí ọ̀nà lọ. Ó yẹ kí n kọ̀. Mo gbé ìwé àkọ́kọ́, mo ṣí i láti ẹ̀yìn.

Ìtàn nọ́ọ̀sì ni. Ní ìparí rẹ̀, nọ́ọ̀sì náà ti ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ó bọ́ sójú ọ̀nà, kò sì wẹ̀yìn. "Àwọn dókítà méjèèjì ńkọ́?" Bàbá Àgbà bi mí. Mo ní a kò lè mọ̀. "A kò lè mọ̀," wọ́n tún un sọ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí èjìká wọn ń mì. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n ní, "Ó ti parí," wọ́n fi sí ọwọ́ ọ̀tún. Ìwé òfin ayálégbé parí pẹ̀lú àpẹẹrẹ lẹ́tà tí a fi ń lé èèyàn jáde. Gírámà Faransé parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe tí àwa méjèèjì kò lè pè, wọ́n sì ní kí n pè é bó ṣe wá. Ìtàn àwọn ọba parí sórí ọba kan tó ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. "Ó ti parí. Ó ti parí." Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ògiri òsì ṣófo.

Wọ́n ní, "Lọ di ẹrù rẹ."

Ní ìdájí ọjọ́ Ìsinmi, kí Àǹtí Bísí tó dé, mo lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo dé Ìlọrin, Àǹtí Bísí pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán, wọ́n ní bàbá ti lọ, lórí àga wọn, lẹ́yìn oúnjẹ. Dókítà ní ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, àti pé ọdún méjìlélọ́gọ́rin kì í ṣe ọdún kékeré. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ ohun tí wòlíì náà rí, n kò sì mọ̀ bóyá ìwé ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Bàbá Àgbà gbà pé ìwé ni, wọ́n sì ní kí n kà á tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti Àǹtí Bísí wọ yàrá náà láti palẹ̀ mọ́. Àǹtí dúró níwájú ògiri òsì, wọ́n fi ọwọ́ kan pákó tó ṣófo.

"Mọ́kànlá ló ṣì wà níbí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí o lọ," Àǹtí ní. "Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ tí o lọ, ó ti ṣófo, bàbá ò sì jẹ́ kí n fi ẹyọ kan sí i. Ìwọ lo kà á fún wọn?"

"Ìparí wọn nìkan, Àǹtí. Àwọn ni wọ́n ní kí n kà á."

Mo dúró de ìgbájú. Mo rò pé ó tọ́ sí mi. Àǹtí Bísí jókòó sórí àga mi, wọ́n ń wo búlọ́ọ̀kù tó wà lójú fèrèsé.

"Báwo ni ojú wọn ṣe rí nígbà tí o ń kà á?"

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí."

Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ tán. Nígbà tí a dé ìwé kẹsàn-án, omi ti ń dà lójú Bàbá Àgbà. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ní kí n dúró ná. Mo rí ọwọ́ náà. Mo ṣí ìwé kẹwàá, mo sì ń kà á lọ, nítorí pé mo fẹ́ lọ.